Igbó Tí Mo Fi Ìgbálẹ̀ Gbá

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí ọ̀gá mi wá láti Ọ̀yọ́ wá wo igbó tí mo fi ìgbálẹ̀ gbá. Igbó ni mo wí o, kì í ṣe àgbàlá.

Kí a tó gba òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di aṣọ́gbó nínú igbó ìjọba kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá rí i pé àwọn ọmọ igi àpá tó wà níkàáwọ́ mi ń ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tèmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n bọ́ kákí sílẹ̀. Nílé wa, ẹni tí kò bá gbálẹ̀ láàárọ̀ kì í rí ẹ̀kọ mu. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ igbó, ojú tì mí. Mo ra ìgbálẹ̀ mẹ́fà, mo sì ń gbá abẹ́ igi láràárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán.

Bàbá Àlàní, àgbẹ̀ tí oko wọn bá igbó náà pààlà, dúró wò mí.

"Ọmọ mi, ewé yìí loúnjẹ igi o. Òun náà laṣọ ilẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀kọ́ ìjọba lèmi kọ́." Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta péré!

"Ó dáa. Ṣé mo lè máa kó ìdọ̀tí ọ̀hún?"

Mo ní kí wọ́n kó o. Mo rò pé mo rí ọ̀mùgọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó wọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ sódò, ó sì tú gbòǹgbò àwọn ọmọ igi mi síta. Èyí tí òjò fi sílẹ̀, oòrùn sun ún. Mo pọnmi wọ́n wọn, omi ń ṣàn lọ bí ẹni pé orí símẹ́ńtì ni mo dà á sí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo gé ẹ̀ka tútù, mo gún un mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà níbi tí àwọn ọmọ igi ti kú. Ọ̀gá fa ọ̀kan, ó tẹ̀ lé e wá wẹ́rẹ́.

"Gbòǹgbò èyí ńkọ́?"

"Sà, ó máa tó yọ."

Ọ̀gá ju ẹ̀ka náà nù. Oko Bàbá Àlàní ló ń wò, níbi tí ewé iṣu ti dúdú minimini.

"Ẹ kú oko o, Bàbá. Kí lẹ fi sí iṣu yìí?"

"Ewé igbó yín ni mo fi bo ebè. Aṣọ́gbó yín ló ń bá mi gbá a jọ láràárọ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò níbí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kó lé mi. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ gbìn, kí n sì máa fi agbọ̀n ru ewé padà wá.

Mo ti wá mọ̀ pé igbó mọ ìtọ́jú ara rẹ̀. Òpè tó mú ìgbálẹ̀ dání ni kò mọ̀. Títí dòní, bí ìyàwó mi bá ní kí n gbá abẹ́ máńgòrò wa, ara mi ni mo máa ń fi rẹ́rìn-ín, màá sì sọ fún un pé Bàbá Àlàní kò tíì wá kó ti àná.