Ìkúùkù Tó Fẹ́ Kó Ewúrẹ́ Ìdí-Osè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ là á bá ẹlẹ́wúrẹ́ sọ, a kì í bá a sọ ti ìkùukùu? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí lẹ́yìn yẹn, ẹ kàn ń mi orí ni. Ẹ má sì rò pé àgbà ayé àtijọ́ ló pa á. Àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láàyè, ó sì ń lo fóònù.

Ní ìlú Ìdí-Osè, ewúrẹ́ kì í gbé inú ọgbà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á gba ìta lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kí olúkúlùkù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe tirẹ̀. Èyí tí kò bá dáhùn, ẹkún ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí ló dun Mojírayọ̀, ọmọ Bàbá Káfíńtà. Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan fún ewúrẹ́, ó fi ẹ̀rọ kékeré sínú rẹ̀, ó sì ṣe áàpù tí yóò máa fi ibi tí ewúrẹ́ náà wà hàn lórí fóònù. Nǹkan gidi ni. Ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó ti sọ fún un pé bí kò bá rí ẹni tí yóò gba ìlẹ̀kẹ̀ náà kí oṣù tó parí, kó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀. Mojírayọ̀ kò fẹ́ rí àga yẹn mọ́ láyé.

Ó gbé e wá sílé bàbá rẹ̀, ni wọ́n bá pe ẹgbẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ jọ sábẹ́ igi osè. Ìyá Àyọ̀wí ni olórí wọn. Ewúrẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyálóde nítorí pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, ti lóyún, oyún náà sì ti tó bí. Mojírayọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ kan sí i lọ́rùn kí gbogbo wọn lè rí i. Ìyá Àyọ̀wí ní ó bá a lára mu.

Ibi tó yẹ kí ọmọ yìí dákẹ́ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹ̀wù kóòtù.

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, ohun tí mo gbé wá yìí jẹ́ pèpéle ìgbàlódé tó ń ṣe àkójọpọ̀ ìsọfúnni."

Bàbá Láńrewájú, tó ní ewúrẹ́ jù nínú wọn, wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Pèpéle dà? Àbí ẹ̀yin rí pèpéle?"

"Kì í ṣe pèpéle ìdí ilé, Bàbá. Ìsọfúnni ni."

"Ìsọfúnni yẹn, ṣé ó ń jẹ èèpo iṣu?"

Òógùn bo Mojírayọ̀. Ibi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kíláòdù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkùukùu tó ń ṣú lójú ọ̀run. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí Yorùbá ń pè é. Bàbá sọ ọ́ fún un dáadáa. Àmọ́ ẹnu ọmọ Èkó gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ewúrẹ́ yín pátá, inú ìkúùkù la máa kó wọn sí."

Gbogbo wọn wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìkúùkù. Ẹ di ọwọ́ yín, ẹ wò ó.

"Ìkúùkù ta ni?" Ìyá Àyọ̀wí ló bi í.

"Ìkúùkù tiwa ni, Mà. Ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ wa."

"Ìgbà wo lẹ máa dá wọn padà?"

Mojírayọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sídìí láti dá wọn padà, Mà. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa wà títí láé."

Ìpàdé tú láìsí àdúrà ìparí. Kí ẹ tó pajú pẹ́, kò sí ewúrẹ́ kankan níta mọ́ n'Ídìí-Osè. Ẹnì kan fi ọ̀já pọn tirẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ-ọmọ òun ni, irùngbọ̀n ló tètè hù. Bàbá Láńrewájú ti òbúkọ rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kí ó tó rántí pé agbádá tó dára jù lọ wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ti lọ.

Ìyá Àyọ̀wí ń fa Ìyálóde lọ sílé àbúrò rẹ̀ nígbà tí okùn já. Ewúrẹ́ fò sẹ́yìn ilé, ó sì wọgbó. Ó wá a títí, kò rí i. Òjò sì ń ṣú bọ̀. Ìyá àgbà náà wá sí ilé Bàbá Káfíńtà pẹ̀lú omijé lójú, ó dúró níwájú Mojírayọ̀.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ṣí ìkúùkù ẹ, kí o fún mi ní ewúrẹ́ mi. Ó ti fẹ́ bímọ."

Mojírayọ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi òòlù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìkùukùu ni mo ní kí o wí, Mojí. Ìkúùkù lo wí. Ẹ̀ṣẹ́ lo nà sí wọn."

"Áà, Mà, ẹ máà bínú. Ìkùukùu ni, ti òkè yẹn."

Ìyá Àyọ̀wí gbójú sókè wo òjò tó ṣú. "Kí ni ewúrẹ́ mi fẹ́ lọ ṣe lókè yẹn?"

Ojú ti Mojírayọ̀, àánú ìyá náà sì ṣe é. Ó bọ́ kóòtù sílẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ ká fi ti òkè sílẹ̀. Bí ewúrẹ́ yín bá sọnù, fóònù á sọ ibi tó wà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Àyọ̀wí nu ojú. "Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀?"

Mojírayọ̀ yọ fóònù. Àmì pupa kan ń tàn níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé e, wọn ò gba ọ̀nà igbó rárá, wọ́n yà ní ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kan.

"Ilé mi nìyí," ni Ìyá Àyọ̀wí wí.

"Ẹ wọlé, Mà."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá Ìyálóde, lórí ìró tuntun tí ìyá náà ò tíì ró rí. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ìbejì wà níwájú rẹ̀, kò sì dìde fún wọn. Ìyá Àyọ̀wí jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò dé.

Nígbà tí wọ́n tún péjọ sábẹ́ osè, Mojírayọ̀ kò wọ kóòtù. Ó ní, "Bí ewúrẹ́ yín bá sọnù, fóònù yín á sọ ibi tó wà," ó sì jókòó. Wọ́n tò síwájú rẹ̀. Bàbá Láńrewájú gba méjì, ọ̀kan fún òbúkọ, ọ̀kan fún agbádá tó kù. Ọjọ́ yẹn ni Mojírayọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ pé kó wá ẹlòmíì fi sórí àga.

Ìkúùkù ni wọ́n sọ ọ̀kan nínú ìbejì ewúrẹ́ náà. Títí di òní, bí àlejò kan bá dé Ìdí-Osè tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ńláńlá, Ìyá Àyọ̀wí á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra sọ fún onítọ̀hún pé, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ là á bá ẹlẹ́wúrẹ́ sọ, a kì í bá a sọ ti ìkùukùu."