Àṣẹ Tuntun Lórí Hàbíbà Agbẹ̀bí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àwòrò, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Èmi Ògúnjìmí akéde ni. Ẹ má bínú, mò ń kánjú. Láti ìdájí ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti ń rọbí nílé. Àmọ́ Baálẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ wá kéde.

Ẹ mọ̀ pé Ìyá Ọmọ́tẹ́jì, agbẹ̀bí wa kan ṣoṣo, ti re ibi àgbà ń rè. Ẹ mọ̀ pé Hàbíbà ará Tápà ti wá, ó fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ogún ọdún ló fi gbẹ̀bí nílé wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ìjòyè fi jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí. Obì tán nínú igbá. Àṣẹ wá jáde.

Èkíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí nílùú yìí, àfi ẹni tó bá ti gbẹ̀bí nílùú yìí rí! Mo tún un sọ: àfi ẹni tó bá ti gbẹ̀bí níbí rí! Ti Tápà kò kà. Ta ló mọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jáde lọ́hùn-ún?

Èkejì! Kí Hàbíbà fi ojú ilẹ̀ tó sin ibi ọmọ márùn-ún sí nílùú yìí hàn wá. Bó bá pé márùn-ún, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá pé, kó máa gbá ojúde Baálẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá kò gba ìrírí.

Ẹ̀kẹta! Gbogbo aboyún, ẹ mú sùúrù! Kí ọmọ kankan má yọjú títí agbẹ̀bí yóò fi ní ìrírí! Èyí tó bá yọjú láìgbàṣẹ, a ò ní sọ ọ́ lórúkọ fún ọdún kan gbáko!

Ẹ̀kẹrin! Ẹni tó bá pe Hàbíbà wọ yàrá aboyún, bó bá jẹ́ àgbẹ̀, a ó gba oko rẹ̀. Bó bá jẹ́ akéde, a ó gba agogo rẹ̀! Ojú mi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn.

Mo bi wọ́n pé, lọ́jọ́ tí Ìyá Ọmọ́tẹ́jì gba ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀, mélòó ló ti gbà ṣáájú? Wọ́n ní akéde kì í béèrè ọ̀rọ̀. Inú bí mi. Àkọ́bí wa kò yè, gbogbo yín lẹ mọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo ti jẹ́ ẹ. Ará òkè odò, ẹ sọ fún ará ìsàlẹ̀. Kí ẹnì kan má sọ lọ́la pé òun ò gbọ́ o!

Agogo rèé. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà Baálẹ̀, kí wọ́n má baà yọ ara wọn lẹ́nu. Hàbíbà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró láti òwúrọ̀. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ kan sẹ́yìnkùlé fún ibi ọmọ náà. Ó ku mẹ́rin. Ẹ̀yin aboyún yòókù, ẹ mọ ilé mi.