Mẹ́dàlì Ambrose Lund àti Gọ́tà Màmá Garton

Desmond Thackray kì í wo ojú èèyàn. Etí mẹ́dàlì ló máa ń wò. Ní ìlú Hull níbí, bí o bá mú mẹ́dàlì ogun kan jókòó tì í, kò ní bi ọ́ bóyá ara ilé le. Yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ń fín orúkọ ẹni tó gbà á sí, yóò di ojú, yóò sì máa ka ìtàn ìgbésí ayé òkú náà fún ọ bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí rẹ̀.

Òfin méjì péré ni ẹgbẹ́ àwa tí a ń kó mẹ́dàlì jọ ní, èmi sì ni akọ̀wé. Èkíní, má ṣe nu mẹ́dàlì kó máa dán. Èkejì, má ṣe purọ́ nípa ibi tí o ti rí i. Ẹni tó bá rú ti àkọ́kọ́, a ó bá a wí. Ẹni tó bá rú èkejì, a ó lé e dànù.

Lọ́dún yẹn, alága wa kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Leeds, àga rẹ̀ sì ṣófo títí a ó fi dìbò. Desmond ń wo àga náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja díndín.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi ìrántí àwọn tó kú sógun, nínú oṣù kọkànlá. Gbogbo wa dúró nínú òtútù, òdòdó pupa oníwèé láyà wa. Desmond dé. Mẹ́dàlì méjì ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ní àyà òsì rẹ̀, ọ̀kan fàdákà, ọ̀kan idẹ. Ríbọ́ọ̀nù ti idẹ náà ní àwọ̀ ewé, funfun àti pupa, bíi ti iná ọkọ̀ ojú omi. Mẹ́dàlì àwọn atukọ̀ akẹ́rù ti Ogun Àgbáyé Kìíní ni.

Bàbá Stan Blenkin, ẹni tó lo ọgbọ̀n ọdún lójú òkun ní tòótọ́, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú rẹ̀.

"Desmond, o kú ogun jíjà o!"

"Ẹ ṣé, Bàbá Stan."

"Àyà òsì ni mo rí i yìí. Òsì, ti ẹni tó jagun fúnra rẹ̀ ni. Ogun ọdún 1914 sì nìyí. Ó túmọ̀ sí pé o ti tó ọmọ àádóje ọdún. Ìpara wo lò ń lò? Jọ̀ọ́, kí n rà á fún ìyàwó mi!"

Ẹ̀rín ta! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àyà òsì ni ti ẹni tó jagun, àyà ọ̀tún ni ti ẹbí ẹni. Èyí tí o bá fi owó rà, inú férémù lára ògiri ilé rẹ ni ipò tirẹ̀. Bí èèyàn bá ní mẹ́dàlì bí àgbà, kò lè ní ojú ọgbẹ́ bí àgbà.

Desmond tú mẹ́dàlì, ó gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé wọn sọ́tùn-ún.

"Àṣìṣe ni! Ambrose Lund tó ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ni!"

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Irọ́ Desmond kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló sá.

Lọ́jọ́ Sátidé, a pàtẹ mẹ́dàlì wa sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ nìkan ni wọ́n fín sétí mẹ́dàlì atukọ̀ akẹ́rù: kò sí nọ́ńbà, kò sí ipò, kò sí orúkọ ọkọ̀. Lójú èmi àti ìwọ, ìyẹn ni pé a ò mọ nǹkan kan. Lójú Desmond, ilẹ̀ oko tó ń dúró de irúgbìn ni. Ó kọ ọ́ sórí káàdì gàdàgbà pé ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá òun ni Ambrose Lund, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọkọ̀ mọ́ ọn nídìí, àti pé ó wẹ̀ láti Iceland dé Grimsby, ó pọn kápútéènì sẹ́yìn, páìpù kápútéènì lẹ́nu rẹ̀, iná páìpù kò sì kú.

Màmá Hilda Garton, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, wọlé pẹ̀lú báàgì lápá. Ó ka káàdì náà. Ó tún un kà. Ó wo àyà ọ̀tún Desmond.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ gan-an ni Ambrose yìí?"

Bàbá Stan wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó máa dìbò wà níbẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ mi gan-an, Mà."

Màmá ju báàgì sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn. "Yéè! Ọmọ ọmọ Àǹtí mi! Bàbá mi ni Ambrose!"

Ojú Desmond funfun bí àbẹ́là.

"Ẹ wo imú Lund!" Màmá fà á nímú. "Ṣùgbọ́n ta ló kọ radaràda yìí? Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi inú báfù gan-an ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń bó nínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko, ọ̀dùnkún! Ìyá ìyá rẹ ò sọ fún ọ ni?"

Desmond fọwọ́ bo káàdì náà. "Wọ́n... wọ́n sọ ọ́, Mà. Mo gbàgbé díẹ̀ ni."

"Àpò ọ̀dùnkún ló gbé pọ̀n nígbà yẹn," ni Bàbá Stan wí, "ó rò pé kápútéènì ni."

Màmá nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Gọ́tà etí òrùlé mi ti ń jò láti èṣí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, gbé àkàbà wá."

Kí ni Desmond fẹ́ wí? Bó bá ní òun kì í ṣe ẹbí, òfin kejì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbà.

Sátidé kìíní, gọ́tà. Sátidé kejì, fèrèsé mọ́kànlá, ajá Màmá sì fa ṣòkòtò rẹ̀ ya. Sátidé kẹta ni ọjọ́ ìbò. Fóònù mi dún.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìbò síwájú."

"Kí ló dé?"

"Mo wà lórí àkàbà."

Mo gbọ́ ohùn Màmá lábẹ́ rẹ̀: "Apá òsì, Desmond! Apá òsì ló ṣì dọ̀tí!"

A dìbò. Bàbá Stan, tí kò tilẹ̀ béèrè, la fi jẹ alága.

Mo lọ sílé Màmá Garton láti lọ sọ fún Desmond. Òjò ń rọ̀, ó wà lókè, ewé jíjẹrà kún ọwọ́ rẹ̀. Kò sí mẹ́dàlì lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Màmá fún mi ní tíì.

"Mà," ni mo wí, "ọmọ Lund ni yín, ẹ ò sì sọ fún wa láti ọjọ́ yìí!"

"Lund wo? Bọ́ọ̀sì ni bàbá tèmi ń wà. Ẹnìkan ló gbé agolo bisikíìtì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́dàlì méjèèjì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo jókòó ti tábìlì lọ́jọ́ bàsá ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fúnra mi ni mo tà wọ́n fún Desmond, mo sì wé wọn ní bébà. A tilẹ̀ sọ̀rọ̀ òjò."

"Kò wá dá yín mọ̀?"

"Báwo ni yóò ṣe dá mi mọ̀? Ojú lásán ni mo ní, wọn ò fín orúkọ sí mi lára."

Màmá àgbà kì í wà láyé kí gọ́tà máa jò. Ó yẹ kí n fi òfin kejì wa mú Desmond, ṣùgbọ́n mo wò ó lókè yẹn, mo ní kí ìyà má di méjì. Mo mu tíì mi.

Màmá ṣí fèrèsé.

"Desmond, ọmọ Lund! Bó o bá ṣetán, máa sọ̀ bọ̀. Ọ̀dùnkún wà nílẹ̀ tí wàá bó!"