Ìbejì Inú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àtinúdá

Ẹni tó bá fẹ́ rí èèyàn tó ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́, kó lọ sí àjà kejì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kó béèrè ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Àtinúdá ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kò ní sọ pé inú òun lòun ti dá a. Bó bá de bọ́tìnnì, àtinúdá ni. Oyè tó kọ sára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé orúkọ òun fúnra rẹ̀ kò ráyè mọ́. Ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Afẹnukọ́lé, asọ̀rọ̀tán-kíṣẹ́-tó-bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yìí ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìpè àwọn ilé ìgbẹ̀bí. Bí aboyún bá tẹ nọ́ńbà, ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń wá nọ́ọ̀sì tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀, tó ń mú kí fóònù rẹ̀ dún, tó sì ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ètò ọ̀hún ti gbó. Bí èèyàn mẹ́wàá bá pè lẹ́ẹ̀kan náà, á já mẹ́ta dànù. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń rọbí pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó dá a lóhùn. Alága ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n yan òmíràn kíákíá.

Ìyá Ìbejì, ẹnjiníà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán ètò mẹ́ta wò. Ó kọ ìròyìn olójú ìwé méjì pé ọ̀kan wà tó gba ẹgbẹ̀rún ìpè pọ̀ tí kò mikàn. Ọ̀fẹ́ ni. Gbangba ni gbogbo inú rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni lè kà á, lè lò ó, lè bá wọn tún un ṣe. Ohun tí àwọn tó kọ ọ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí wọ́n má pa orúkọ wọn rẹ́.

Ọ̀gá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan péré.

"Ọ̀fẹ́? Ìyá Ìbejì, ohun tí wọ́n ń pín kiri fún gbogbo ayé lẹ fẹ́ ká fi máa dáhùn aboyún?"

"Torí ó dáa ni wọ́n ṣe ń pín in, sà."

"Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ tèmi. Èmi nìkan."

Ọjọ́ yẹn ni òun pàápàá kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ètò tí Ìyá Ìbejì yìn gan-an sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé níbikíbi tó bá ti rí orúkọ ètò, kó fi "Àtinúdá" rọ́pò. Ti àwọn tó kọ ọ́, kó fi orúkọ tòun sí i. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta parí kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ó nu ojú bí ẹni tó ti oko dé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Ìyá Ìbejì lọ máa kí àlejò káàbọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí ètò tó ní òun kọ yìí, wọ́n ti ń múra láti fi ọ̀gá joyè igbákejì olùdarí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni, pé, "Gba àyè níléèwé, kó o wá wo ọkọ rẹ."

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ètò náà han àlejò pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyàwó jókòó níwájú, Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín ìwé fún àlejò. Wọ́n tẹ igba fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, igba sì dún. Àtẹ́wọ́ gba ibẹ̀ kan.

Ká ní ó jókòó nígbà yẹn ni. Àmọ́ àtẹ́wọ́ ti gun orí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi inú rẹ̀ hàn yín," ló wí. Ó gbé e sára ògiri, ìlà èdè kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àkíyèsí táwọn tó ń kọ ètò máa ń fi sáàárín rẹ̀, ń ṣàn lọ bí omi. "Gbogbo ẹ̀ pátá, orí mi ló ti wá."

Màmá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé awò sójú. "Ẹ dúró ná. Ẹ dá a padà sókè díẹ̀. Ṣé Yorùbá kọ́ nìyẹn?" Ó kà á sókè: "'Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí o. Àwọn ìbejì ti jí, wọ́n ń sunkún. Tí mo bá fún wọn lọ́mú tán, màá padà wá parí ẹ̀.'"

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ ní ìbejì ni?" Màmá ò ní ibi kankan lọ́kàn.

Ẹnu rẹ̀ ṣáájú orí rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ní ìbejì."

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ohùn ìyàwó rẹ̀ tutù minimini, "ìbejì wo?"

"Jọ̀wọ́, jókòó."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá. Ta ló bí ìbejì fún yín? Àbí ẹ̀yin náà lẹ ń fún wọn lọ́mú?"

Òógùn bò ó. Kó jẹ́ olè ni, àbí kó jẹ́ alágbèrè? Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì yan olè.

"Kì í ṣe tèmi," ó rọra wí.

"Àwọn ìbejì?"

"Àwọn ìbejì. Àti... àti ètò náà."

Ẹ̀rín bú. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Ìyá Ìbejì síwájú.

"Ìsinmi ìbímọ ni mo wà nígbà yẹn, sà," ló wí. "Mo máa ń bá wọn tún un ṣe nílé. Àwa tá a kọ ọ́ lé ní irinwó. Lílò ó ò burú. Orúkọ àwọn èèyàn ni kí wọ́n dá padà."

"A máa lò ó," Alága wí, "ìwọ ni wàá sì máa bójú tó o." Ó kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ wọn padà níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa pè é sókè."

Ó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn tó jókòó sì ń bá a tún un pè bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó dé orí ìkẹtàlá, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ fara balẹ̀ kà á tán," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó wá ṣàlàyé ohun tó mú kó yá yín lára tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé ẹ ní ìbejì."