Òkúta Tó Pọ́n Lọ́wọ́ Alágbẹ̀dẹ Wúrà

“Níbo ni òkúta mi wà?”

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú obìnrin kan wọ ààfin lánàá, kí ẹjọ́ tó tẹ̀lé e wọlé. Ó bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ wòkè. Ó bi àwọn ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ wolẹ̀. Nígbà tí ó bi alágbẹ̀dẹ wúrà tí wọ́n ń fà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni òkúta náà sá wọ̀.

Gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ kò ní fèrèsé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn kí ariwo ìta má baà wọlé. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn lókè orí ọba, iná rẹ̀ sì pọ́n bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ dúró sí, tí òógùn bò ó, nítorí òfin ibẹ̀ le: alágbẹ̀dẹ tó bá pààrọ̀ òkúta oníbàárà, wọn á pa iná ìléru rẹ̀, wọn á gba irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan wúrà mọ́ láyé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ká ní kó gbá ìṣó mọ́ pákó, ìka ara rẹ̀ ni yóò gbá.

“Ìyá Ìyàwó,” ni ọba wí, nítorí ọmọ obìnrin náà ló fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, “sọ tẹnu rẹ.”

“Kábíyèsí, ìyá mi tó dolóògbé ló fi òrùka kan sílẹ̀ fún ọmọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá fún mi. Òkúta orí rẹ̀ dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí! Ìka ọmọ mi tín-ín-rín, mo wá ní kí ọkùnrin yìí bá mi dín òrùka náà kù. Ọ̀sán ni mo gbé e fún un. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà lọ gbà á, ló bá na nǹkan pupa kan sí mi! Pupa bí ojú ẹni tí kò sùn! Mo jù ú padà sí i láyà.”

“Ó ṣì ń dùn mí,” ni alágbẹ̀dẹ sọ.

“Ta ló bi ọ́?” Bàbá Onígíláàsì ló jágbe mọ́ ọn. Òun ni àgbà ìgbìmọ̀. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, kò sì sí ohun tí kò mọ̀.

Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ gbé òrùka náà jáde. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti jù ú lù ú láyà ló ti tì í mọ́ inú àpótí irin, kò tún jẹ́ fojú kàn án, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó ṣí àpótí lábẹ́ gílóòbù. Òkúta náà pọ́n, ó ń dán yanran.

“Rúbì nìyí,” ni Bàbá Onígíláàsì sọ. “Ó pupa, rúbì ni. Ẹjọ́ ti parí.”

“Bàbá, rúbì mà wọ́n o,” ni ọba sọ. “Olè wo ló ń jí adìẹ tó ń fi màlúù dípò?”

“Olè tí kò mọ iṣẹ́ ni, Kábíyèsí.”

“Èmi ò fẹ́ rúbì!” Ìyá Ìyàwó fẹsẹ̀ kilẹ̀. “Kó tú àpótí rẹ̀! Ibẹ̀ ni tèmi wà!”

Alágbẹ̀dẹ da àwọn òkúta rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ìgbìmọ̀ yí i po bí ọmọdé tó rí súìtì.

“Búlúù yìí ńkọ́?”

“Sàfáyà ni, ẹ̀yin bàbá. Ọmọ ìyá ni òun àti rúbì. Òkúta kan náà ni wọ́n, àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n.”

“Òkúta náà ń bí ìbejì? Èyí tó mọ́ gaara yìí?”

“Dáyámọ́ńdì. Kò sí òkúta mìíràn tó lè ha á lára.”

Bàbá Onígíláàsì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. “Jẹ́ ká gbá a wò.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá! Kò ṣe é ha ni mo wí, mi ò ní kò ṣe é fọ́!”

“Èyí tó rí roboto bí ẹyin aláǹgbá?”

“Péálì. Òun kì í tilẹ̀ ṣe òkúta. Inú ìkarahun nísàlẹ̀ òkun ló ti dàgbà.”

“Kí ló wá ń wá láàárín òkúta?”

“Wọ́n kàn gbà á mọ́ra ni, bí ẹni gba àna.”

Ìyá Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí òkúta aláwọ̀ ewé kan, ó já a gbà, ó gbé e sókè sí iná. “Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́!”

“Ẹ́mérádì nìyẹn, mà. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àwo àtijọ́; ẹ́mérádì tí kò sán nínú ṣọ̀wọ́n. Ṣé ti ìyá yín sán?”

Obìnrin náà wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. “Kò sán,” ni ó sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójijì. “Tìyá mi mọ́ bí omi.”

Ọba kọjú sí alágbẹ̀dẹ. “Báwo wá ni ti ìyá rẹ̀ ṣe di pupa?”

Alágbẹ̀dẹ ya ẹnu. Irọ́ kò wá, kò sì mọ òótọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ju èyí lọ: ó jókòó síta ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, aláwọ̀ ewé ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ilẹ̀ ṣú, ó wọlé tan iná, pupa ló bá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó rántí òòlù bàbá rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà, ni ẹnu rẹ̀ bá ṣáájú ọpọlọ rẹ̀.

“Kábíyèsí, ó pọ́n ni.”

“Kí ló pọ́n?”

“Òkúta náà, bí ata. Tútù ni wọ́n gbé e wá, ó wá gbó sí mi lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi máa ń gbóná.”

Ìgbìmọ̀ kan rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

“Tí a bá fi sílẹ̀ di ọ̀la ńkọ́?” ni ọba bi í.

“Ó lè rà, Kábíyèsí.”

Wọ́n pe ìyàwó alágbẹ̀dẹ láti jẹ́rìí. “Pupa ni, Kábíyèsí. Mo gbé oúnjẹ wọlé fún un, mo rí i lábẹ́ iná. Kò fìgbà kan jẹ́ àwọ̀ ewé.”

Alágbẹ̀dẹ fọwọ́ bojú. “Ìyá ọmọ mi, ta lò ń gbè lẹ́yìn báyìí?”

Wọ́n pe télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti alágbẹ̀dẹ. “Àwọ̀ ewé ni.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú. Mo rí i níta lọ́sàn-án, àwọ̀ ewé ni. Mo tún wọ ibẹ̀ lọ yá sísọ́ọ̀sì nígbà tí ilẹ̀ ṣú, pupa ni.”

“Kí lo mu lọ́jọ́ náà?”

“Tíì, Kábíyèsí.”

“Ẹlẹ́rìí kan, àwọ̀ méjì!” ni Bàbá Onígíláàsì kígbe. “Télọ̀, ṣé bí o ṣe ń wọn aṣọ nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wọ̀n ọ́n!” ni ìgbìmọ̀ kan ké láti ẹ̀yìn. “Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò mi gùn ju tòsì lọ!”

Ọba lu apá àga. “Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Alágbẹ̀dẹ ní ó pọ́n. A gbà fún un. Ṣùgbọ́n tútù ni obìnrin yìí gbé wá, tútù ni yóò gbé lọ. Ẹ mú un jáde sí àgbàlá. Kó jókòó sójú oòrùn, kó gbé òrùka lé àtẹ́lẹwọ́, títí òkúta yóò fi padà di tútù. Títí di ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì, irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Tó bá kú síbẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ jókòó rọ́pò rẹ̀.”

“Ọgbọ́n rèé!” ni Bàbá Onígíláàsì wí.

“Èmi fúnra mi ni màá ṣọ́ ọ,” ni Ìyá Ìyàwó sọ, ó sì tẹ̀lé e bí ẹni tó fẹ́ gun ọkùnrin náà lẹ́yìn.

Ẹ̀ṣọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán là wọ́n lójú. Alágbẹ̀dẹ na ọwọ́ tó gbé òrùka lé síwájú, ó di ojú, kò fẹ́ rí ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lára pé obìnrin náà gbá ọrùn ọwọ́ òun mú. Ó rò pé yóò gé e jẹ ni. Ó dúró, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin tí kò tíì pa ẹnu dé láti àárọ̀ ti dákẹ́.

Ó la ojú. Òkúta aláwọ̀ ewé ló jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó mọ́ bí omi. Ó fẹ̀yìn rìn padà sábẹ́ gílóòbù: pupa. Ó jáde sóòrùn: àwọ̀ ewé. Òrùka kan náà ni; ìmọ́lẹ̀ ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

“Òkúta ìyá mi,” ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Ọba na ọrùn láti orí àga. “Alágbẹ̀dẹ! Ṣé o ti jókòó?”

“Kábíyèsí,” ni alágbẹ̀dẹ dáhùn, “mi ò tíì rí àga!”