Èmi àti Bàbá Ọkọ Mi Nídìí Ọpọ́n Ayò

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé Sátidé kan ní Èbúté Mẹ́ta, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Bàbá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ta ayò ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìgbà náà Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu wọn. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa.

Ni ẹnu mi tí kì í sinmi bá ní, "Bàbá, mo lè bá yín ta á."

"Ìwọ? Ó yá, gbé ọpọ́n wá, ìyàwó."

Bàbá tó bí mi ló kọ́ mi láyò, wọ́n sì kọ́ mi dáadáa. Kò pẹ́ tí mo fi ń jẹ ọmọ ayò Bàbá lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í rí bàbá ọkọ fín, àbí? Bí mo bá ti jẹ, màá kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, sà." Mo tún jẹ, mo tún kúnlẹ̀. Àwọn ayálégbé tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá ti gbóhùn mi, ariwo á ta: "Bàbá, ìyàwó tún ti jẹ yín o!" Ojú Bàbá le koko.

Màmá, ìyá ọkọ mi, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi: "Ṣé o fẹ́ pa wọ́n fún mi ni?"

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á játijàti, kí Bàbá lè rí nǹkan jẹ. Àṣé wọ́n ń wò mí. Wọ́n fọwọ́ bo ọpọ́n.

"Ìyàwó, ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí tí o fi ń fún mi lóúnjẹ? Mi ò ta ayò mọ́ láyé mi!"

Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo yí ọpọ́n padà lójijì. "Bàbá, ẹ gba apá tèmi, kí n gba tiyín. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá mo lè bọ́ nínú ìyà tí mo fi jẹ yín."

Bàbá wò mí títí, wọ́n gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jà! Òógùn bò mí. Mo ń lé wọn bọ̀, ó ku díẹ̀ kí n bá wọn, ni Bàbá bá jẹ ilé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fò sókè: "Ọ̀pẹ! Ọ̀pẹ lásán tí kò mọ ayò ta ni ẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà wá.

Àtìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti fi ayò ṣíwájú jìnnà jù, a máa ń pààrọ̀ ìjókòó. Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ayò ń fìyà jẹ kò wá àánú, ìjà gidi ló ń wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, Màmá fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n dì mọ́ mi. "O ṣeun, ọmọ mi. Mo rí bí o ṣe mọ̀ọ́mọ̀ fi ayò náà sílẹ̀ fún wọn."

"Màmá, mi ò fi í sílẹ̀ o! Wọ́n nà mí ni!"

"Mo mọ̀, mo mọ̀." Wọ́n ṣẹ́jú sí mi.

Títí dòní, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ nílé yẹn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ó ṣì ń dùn mí.