Màlúù Tí Wọ́n Dọ̀bálẹ̀ Fún ní Ìdí-Ọsàn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í torí pé a fẹ́ jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá? Ẹ rò pé àsọdùn ni. Àwọn kan pè é bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ní abúlé Ìdí-Ọsàn, ilé iṣẹ́ kan tó ń sin màlúù, tó ń ta wàrà, fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí odò kan ṣoṣo tí abúlé ń mu ká. Màlúù á mu tirẹ̀, á tọ̀ sí i, kí wọ́n tó ṣí i fún ọmọ èèyàn. Ni Fátókun bá kó tọkùnrin tobìnrin lọ jókòó sẹ́nu géètì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí wáyà yóò fi kúrò. Ọkọ̀ wàrà kò rọ́nà jáde.

Nígbà tí ebi wọ̀ wọ́n lára dáadáa, máníjà fa akọ màlúù kan jáde, ọ̀rá ń mì lọ́rùn rẹ̀. Fátókun gbé itọ́ mì.

"Ẹbí kan náà ni gbogbo wa," ni máníjà wí. "Ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín yìí dáadáa, kẹ́ ẹ mú un lọ."

"Kíkí lásán?"

"Kíkí lásán."

Wúràọlá, ìyàwó Fátókun, fa ọkọ rẹ̀ láṣọ. "Bàbá Àrìnọlá, ẹran wo ló ń gba ìdọ̀bálẹ̀?"

"Ìwọ dákẹ́ ná. Tá a bá yó, a ó lè jókòó pẹ́."

Ó na gbọọrọ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìdúró." Àwọn ọkùnrin yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tiẹ̀ béèrè ará ilé. Màlúù ju etí.

Wọn kò tíì gbọn eruku àyà tán tí ẹnì kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ẹ fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n yín?" ni máníjà bi wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká mú un lọ."

"Sódò ni. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Àbí nílé yín, àbúrò ló ń kọ́kọ́ mumi?"

Fátókun gba okùn màlúù. Ọmọ Yorùbá ni. Báwo ló ṣe fẹ́ ní àbúrò ló ń ṣáájú? Bó ṣe di ẹni tó ń fa okùn màlúù lọ sódò láràárọ̀ nìyẹn. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ jí ire?" Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá tò sẹ́yìn pẹ̀lú korobá. Bí òjò bá ń rọ̀, Fátókun á ṣí agboòrùn lé e lórí.

Àwọn obìnrin kò kúrò lẹ́nu géètì. "Èmi ò bá màlúù tan," ni Wúràọlá wí, ó tún tẹ́ ẹní rẹ̀ ṣe. Wàrà tí kò rọ́nà jáde bà jẹ́ nínú ọgbà, ó rùn débi pé máníjà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ nímú, ló wá fa wáyà tu.

Àwọn obìnrin pọn omi tó mọ́ gaara. Àwọn ọkùnrin náà sáré gbé korobá dé. Wúràọlá na ẹsẹ̀ dábùú ọ̀nà.

"Ẹ sinmi, Bàbá Àrìnọlá. Bọ̀ọ̀dá yín ò tíì mu tiwọn."

Fátókun wo ẹ̀yìn. Màlúù ń bọ̀, kò kánjú. Ó rọra kọjá lára wọn, ó wọ odò, ó mu títí, ó sì tọ̀ sí i. Fátókun gbé korobá kalẹ̀, ó ń dúró.

Ibẹ̀ làwọn àgbà ti kọ́ ọ: a kì í torí pé a fẹ́ jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá.